Ẹ Bi Tíṣà Léèrè: Òkun Tó Kọ̀ Tí Kò Dì

Lẹ́tà mẹ́rin la mú lóṣù yìí, gbogbo wọn ló sì dá lé yìnyín. Bí ooru ṣe mú ní Abẹ́òkúta láti ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn, mi ò bá ẹnikẹ́ni wí.

LẸ́TÀ KÌÍNÍ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Aláàdìrẹ ni mí ní Ìtòkú. Ọmọ mi obìnrin ń dáná ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Longyearbyen, ìlú kan tí wọ́n ní ó wà ní ìkángun ayé, lókè Nọ́wè. Nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀, ẹkún ló fi ń pè mí nítorí òtútù. Lọ́dún tó kọjá, nínú oṣù kìíní, ó pè mí, ó ní òjò ń rọ̀, òjò gidi bíi tiwa. Ó ní àwọn àgbà ibẹ̀ ń sọ pé òkun ló kọ̀ tí kò dì. Mo rò ó títí, kò yé mi. Báwo ni òkun tí kò dì ṣe máa mú òjò wá sórí ilẹ̀? Àti pé, ṣé yìnyín ló ń mú òtútù wá ni, àbí òtútù ló ń mú yìnyín wá?
— Ìyá Aláàdìrẹ, Ìtòkú

ÌDÁHÙN

Ìyá wa, ẹ kú ọjà o. Ogún ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì kí n tó mọ̀ pé mi ò lè dáhùn ìbéèrè yín yìí dáadáa. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé yìnyín tutù, nítorí náà ó ń mú kí ilẹ̀ tó wà nítòsí rẹ̀ tutù. Màá tún fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i nídìí. Irọ́ kọ́ o, àmọ́ ìdajì òótọ́ ni, ìdajì tí mi ò sọ ló sì kan ọmọ yín jù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀kọ. Ẹ̀kọ gbígbóná, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sínú abọ́. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ díẹ̀, á fi awọ bo orí. Ọmọ kékeré á fọwọ́ kan awọ yẹn, á rí i pé ó ti ń tutù, á wá ki ṣíbí bọ̀ ọ́, á gbé e sẹ́nu, ẹnu rẹ̀ á bó. Òtútù ìta ló dá awọ náà. Ṣùgbọ́n bó ti dá a tán, awọ náà ló wá ń ṣọ́ ooru tó kù nísàlẹ̀, tí kò jẹ́ kó ráyè jáde. Yìnyín orí òkun ò ṣe jù báyìí lọ. Òtútù ló ń mú un wá. Bó bá sì ti dé, á tilẹ̀kùn mọ́ ooru òkun, afẹ́fẹ́ tó wà lókè á wá máa tutù lọ láìsí ẹni tó ń fún un ní nǹkan kan.

Mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín: ooru wo ló wà nínú òkun tó ń dì? Ó wà. Omi òkun kì í dì àfi tó bá tutù dé nǹkan bíi 1.8 dígírì nísàlẹ̀ òdo. Iyọ̀ inú rẹ̀ ló fà á. Kò sì lè fi bẹ́ẹ̀ tutù ju ìyẹn lọ kó ṣì máa jẹ́ omi. Afẹ́fẹ́ tó wà lórí rẹ̀ ńkọ́? Láàárín ìgbà òtútù, ó lè tutù dé 30 dígírì nísàlẹ̀ òdo. Lójú èmi àti ẹ̀yin, ikú ni méjèèjì. Lójú afẹ́fẹ́ yẹn, ààrò tí ẹyin iná ṣì wà nínú rẹ̀ ni omi náà. Dígírì 28 ló wà láàárín wọn. Bí òwúrọ̀ ọyẹ́ ní Abẹ́òkúta bá jẹ́ dígírì 18, ẹ fi 28 kún un, ẹ ti dé orí omi tí àwọn ìyá àgbà fi ń wẹ̀ fún ìyá ọlọ́mọ tuntun. Ẹ̀yin tí wọ́n ti da irú omi yẹn sí lẹ́yìn rí, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe eré.

Nínú oṣù kìíní, bí ọyẹ́ bá mú, ẹ gba orí afárá Láfẹ́ńwá kọjá kí aago méje tó lù, kí ẹ wo Odò Ògùn nísàlẹ̀. Ó ń rú èéfín. Kò sẹ́ni tó dáná sábẹ́ rẹ̀. Omi náà ló ṣì gba oòrùn àná mọ́ra, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ tó ń gba orí rẹ̀ kọjá sì tutù jù ú lọ, ni ooru àti ọ̀rinrin bá ń ti inú omi bọ́ sínú afẹ́fẹ́ lójú wa báyìí. Ọlọ́kadà kan gbé mi kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní iwin inú odò ló ń se ọbẹ̀ àárọ̀. Ní àríwá ayé, bí yìnyín orí òkun bá sán, tí omi yọjú láàárín rẹ̀, irú èéfín yẹn náà ló ń rú, àmọ́ tiwọn lè nípọn débi pé atukọ̀ ò ní rí iwájú ọkọ̀ rẹ̀. Ojú sísán kan tí kò fẹ̀ ju títì Sápọ́n lọ lè tú ooru jáde ju yìnyín tó fẹ̀ jù ú lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Yìnyín tó nípọn mítà kan, tí ìrì dídì tún bò lórí, díẹ̀ bíńtín ló ń jẹ́ kó gba inú rẹ̀ kọjá.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí yìnyín bá ṣe ń nípọn sí i ni yóò máa lọ́ra láti nípọn, torí ara rẹ̀ ló dènà ooru tó yẹ kó bọ́ kúrò lára omi kí omi tó lè dì. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Vienna, Josef Stefan, ló ṣírò èyí ní ọdún 1891. Òun fúnra rẹ̀ jókòó sí ìdí tábìlì rẹ̀ ni. Ìwé àkọsílẹ̀ àwọn tó ti lọ sí àríwá ló fi ṣe é. Mo fẹ́ràn irú ẹni bẹ́ẹ̀. Èmi náà tí mò ń kọ èyí, orí áìsì blọ́ọ̀kù ni gbogbo ìrìn àjò mi sí ilẹ̀ yìnyín parí sí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ilẹ̀. Ẹ wo Èkó àti Sókótó. Ní oṣù kejìlá, òru Sókótó lè mú kí ènìyàn máa wá aṣọ òtútù kiri. Èkó kò mọ̀ ọ́n, torí òkun ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń mí ooru àti ọ̀rinrin sí i lára tọ̀sán-tòru. Ká ní ẹnìkan lè tẹ́ ẹní bo òkun láti etí Èkó lọ títí tí ojú ò fi tó o mọ́, Èkó á bẹ̀rẹ̀ sí í rí bíi Sókótó. Ẹní yẹn ni yìnyín. Ìlú etí òkun tí òkun rẹ̀ bá dì ti kúrò ní ìlú etí òkun títí di ìgbà tí yìnyín bá yọ́. Ó ti di ìlú àárín ilẹ̀, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á gbẹ, òtútù rẹ̀ á le. Bí ẹní náà bá wá kọ̀ tí kò ṣeé tẹ́ lọ́dún kan, ìlú náà á padà di ìlú etí òkun láàárín ìgbà òtútù, níbi tí kò ti sẹ́ni tó múra sílẹ̀ fún un.

Ibẹ̀ ni ọmọ yín wà. Longyearbyen wà ní erékùṣù Svalbard, ní nǹkan bíi dígírì 78 sí àríwá. Láti ìparí oṣù kẹwàá títí di àárín oṣù kejì, oòrùn kì í yọ níbẹ̀ rárá. Nítorí náà, bí ara bá tu ènìyàn ní oṣù kìíní, kì í ṣe oòrùn ló mú un wá; kò sí oòrùn. Ọ̀nà omi ńlá kan wọ ilẹ̀ wá sí ìlú náà, Isfjorden, ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ní èdè wọn sì kan yìnyín gbangba. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń dì débi tí wọ́n fi ń gun alùpùpù orí yìnyín kọjá lórí rẹ̀. Láti bí ọdún 2006 ni omi ti ń ṣí sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà òtútù. Orúkọ kù, yìnyín ti lọ.

Òjò náà kò wá láti inú ọ̀nà omi yẹn nìkan o. Afẹ́fẹ́ tó lọ́rinrin máa ń ti ìhà gúúsù bọ̀, láti orí Àtìláńtíìkì. Bó bá bá yìnyín pàdé lọ́nà, orí yìnyín ni yóò ti ná ooru rẹ̀ tán, yóò dé ilẹ̀ ní gbígbẹ àti ní tútù, ìrì dídì ni yóò sì bọ́ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ orí omi tó ṣí sílẹ̀ ló gbà, ńṣe ni omi náà á tún máa kún un lọ́wọ́. Ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ yín pẹ̀lú ẹrù kíkún. Ìkùukùu tó bá wọn wá á tún bo ojú ọ̀run bí kúbùsù, kò ní jẹ́ kí ooru ilẹ̀ fò lọ lóru. Òjò ìgbà òtútù yìí kì í ṣe àlejò rere. Bó bá rọ̀ tán, ó máa ń dì sórí koríko bíi gíláàsì. Ní Yamal, ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, òjò rọ̀ sórí ìrì dídì lẹ́yìn tí yìnyín òkun ìtòsí ibẹ̀ ti dín kù, gbogbo rẹ̀ wá dì pa. Àwọn àgbọ̀nrín ilẹ̀ òtútù tí àwọn Nenets ń sìn kò lè fi pátákò wa koríko jáde mọ́. Ó tó 61,000 tí ebi pa kú. Ẹni tó bá mọ ohun tí agbo màlúù jẹ́ fún Fúlàní á mọ irú ọ̀fọ̀ tó ṣẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀kan wà tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá ní àsọdùn ni gbogbo rẹ̀. Ìlú etí òkun kan wà ní Alaska, Utqiaġvik. Barrow ni wọ́n ń pè é títí di ọdún 2016. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ń wọn ooru àti òtútù lójoojúmọ́, tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2017, àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ náà rí i pé òǹkà ìlú yìí ti pòórá nínú ìṣirò wọn. Nígbà tí wọ́n tú u wò, kọ̀ǹpútà wọn ló yọ ọ́ dànù. Wọ́n ti kọ́ ọ pé bí òǹkà ibì kan bá ṣàdédé yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá àti sí ti àwọn tó múlé tì í, kó gbà pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Ẹ̀rọ ò bàjẹ́. Oṣù kẹwàá ibẹ̀, láti ọdún 2000 wá, ti fi ohun tó lé ní dígírì 4 móoru ju bó ṣe rí láàárín ọdún 1979 sí 1999 lọ. Ẹ kíyè sí oṣù náà. Oṣù kẹwàá kì í ṣe oṣù oòrùn lọ́dọ̀ wọn. Oṣù tí òkun máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dì ni.

Kí ló dé tó jẹ́ oṣù kẹwàá? Ibi tí ìdajì òótọ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ti wúlò nìyí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àpáta ẹ̀yìn ilé wa ni ìyá mi máa ń sá làfún sí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa lé ewúrẹ́. Lọ́sàn-án gangan, ẹsẹ̀ lásán ò ṣeé gbé lé àpáta yẹn. Àfi bí ẹni tẹ agbada àkàrà. Mo wá rí ọgbọ́n kan dá: màá fi ẹsẹ̀ gbá làfún díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, màá dúró sójú ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Ibẹ̀ tutù. Ìyá mi nà mí nítorí ẹ̀, kò sì bi mí ìdí tí ibẹ̀ fi tutù. Làfún funfun ń da oòrùn padà, àpáta dúdú ń gbé e mì. Àmọ́ kì í pẹ́ tí ibi tí mo ṣí yẹn náà fi ń gbóná bí ìyókù, màá wá tún gbá òmíràn kúrò.

Bí oòrùn bá jẹ́ owó, tí ẹ fi náírà 100 lé yìnyín tí ìrì dídì bò lọ́wọ́, á dá nǹkan bí 80 sí 90 padà fún yín. Òkun tó ṣí sílẹ̀ kì í dá ju bíi 6 tàbí 7 padà. Gbogbo ìyókù ló ń kó sápò. Nígbà tí yìnyín ṣì pọ̀ láàárín ọdún, kódà èyí tó ń yọ́ lọ́wọ́, gbogbo ooru tó bá bọ́ sí i, yíyọ́ ló ń ná an sí. Afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò nítòsí òdo dígírì, atẹ́gùn tó bá fẹ́ láti orí rẹ̀ a sì mú ilẹ̀ etí omi tutù. Ẹ wo Churchill ní etí Hudson Bay, ní Kánádà: yìnyín ṣì máa ń wà lórí omi ní oṣù kẹfà, nígbà tí ìgbà oòrùn ti dé bá àwọn tó wà nínú ilẹ̀. Igi ò fẹ́ hù létí omi yẹn, bẹ́ẹ̀ ní ìhà ìwọ̀ oòrùn, ní ibi tó tún sún mọ́ òpin àríwá jù ú lọ, igbó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí yìnyín bá tètè yọ́, òkun á máa kó ooru sápò látìgbà náà títí dé oṣù kẹsàn-án. Nígbà tí oòrùn bá wá lọ, tí afẹ́fẹ́ tutù, ìgbà náà ló máa ń tú àpò. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé lábẹ́ Olúmọ ò nílò kí n ṣàlàyé jù báyìí lọ. Ta ni kò tíì fẹ̀yìn ti àpáta lálẹ́, kó rí i pé oòrùn ọ̀sán ṣì wà nínú rẹ̀?

Satẹ́láìtì ti ń wo yìnyín òkun Arctic, òkun orí àríwá ayé, láti ìparí ọdún 1978. Oṣù kẹta ló máa ń fẹ̀ jù, nǹkan bíi mílíọ̀nù 15 kìlómítà níbùú-lóròó. Oṣù kẹsàn-án ló ń kéré jù. Láàárín ọdún 1980 sí 1989, ohun tó máa ń ṣẹ́ kù ní oṣù kẹsàn-án tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 7. Ní ọdún 2012, ó já wá sí mílíọ̀nù 3.4. Ohun tó lọ láàárín méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Nàìjíríà mẹ́rin. Làfún tí wọ́n gbá kúrò lórí àpáta nìyẹn.

Ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín pé kó máa wo ọ̀nà omi náà bó bá ń lọ síbi iṣẹ́. Bó bá rí i tó ń rú èéfín, kó mọ̀ pé òkun ń ta ooru fún afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ ni. Bí èéfín bá dáwọ́ dúró, tí omi di pẹrẹsẹ, tí awọ bò ó, kó wá aṣọ kún aṣọ.

LẸ́TÀ KEJÌ

Tíṣà, ẹ máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òkun nìkan ló lápá. Gbogbo ìgbà, òkun ṣe ilẹ̀ báyìí, òkun ṣe ilẹ̀ báwọ̀nyí. Ilẹ̀ ò lè gbẹ̀san ni? Ẹ dá ilẹ̀ láre díẹ̀.
— Onímọ́tò, Láfẹ́ńwá

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, inú ń bí ọ, o sì jàre. Ilẹ̀ ń gbẹ̀san.

Gúúsù ayé ni kí a lọ, sí Antarctica. Ilẹ̀ ni ibẹ̀, yìnyín tó nípọn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún mítà ló sì bò ó, àárín rẹ̀ ga bí òkè. Afẹ́fẹ́ tó wà lórí òkè yẹn máa ń tutù gan-an, afẹ́fẹ́ tó tutù sì wúwo, ni yóò bá máa ṣàn wálẹ̀ bí àgbàrá tó ń ti orí Olúmọ bọ̀ wá sí Ìtòkú, tí ó ń yára sí i bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Douglas Mawson, aṣèwádìí kan láti Australia, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ pàgọ́ sí Cape Denison, ní etí òkun ibẹ̀, ní ọdún 1912, láìmọ̀ pé ojú ọ̀nà àgbàrá atẹ́gùn yẹn gan-an ni wọ́n kọ́lé sí. Wọ́n ní láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ara lé atẹ́gùn rìn, bí ẹni ń ti mọ́tò tó kú. Ìwọ mọ ìyẹn dáadáa.

Nígbà tí irú atẹ́gùn bẹ́ẹ̀ bá dé etí òkun, ó máa ń ti yìnyín kúrò létí ilẹ̀ lọ sí ojú agbami. Omi á ṣí. Omi tó ṣí á tún dì kíákíá, torí òtútù yẹn kì í ṣe kékeré; atẹ́gùn á tún ti ìyẹn náà lọ. Bí o bá ka lẹ́tà Ìyá Aláàdìrẹ, o máa rántí awọ ẹ̀kọ. Ká ní ẹnìkan dúró ti abọ́ náà, tó ń ká awọ kúrò bó bá ti ń dá, ẹ̀kọ náà á máa tutù lọ láìdáwọ́ dúró. Terra Nova Bay jẹ́ ọ̀kan nínú irú ibi bẹ́ẹ̀: láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù títí dé òpin, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe yìnyín ni, ilẹ̀ ló sì ni ilé iṣẹ́ náà.

Ní àríwá, odò ni ilẹ̀ fi ń jà. Odò Ògùn tiwa ń ṣàn lọ sí gúúsù. Àwọn odò Lena, Yenisei àti Ob ń ṣàn gba inú Siberia, ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, lọ sí àríwá, wọ́n sì ń gbé omi tí oòrùn ti lù nínú ilẹ̀ lọ dà sínú òkun tó dì. Yìnyín ẹnu odò ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Bí ìrì dídì orí ilẹ̀ bá tètè yọ́, ilẹ̀ dúdú á yọjú, á gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná á sì kọjá lọ sórí yìnyín. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹfà ọdún 2020, ìwọ̀n ooru dé dígírì 38 ní Verkhoyansk ní Siberia. Dígírì 38! Ooru Abẹ́òkúta ní oṣù kẹta nìyẹn, ní ìlú tí òtútù rẹ̀ lókìkí káyé. Yìnyín Òkun Laptev, tó wà lókè ibẹ̀, tètè lọ lọ́dún náà, àti pé títí di ìparí oṣù kẹwàá, kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í dì padà. Ilẹ̀ fi ooru kọlu òkun ní oṣù kẹfà, òkun wá dá ooru padà fún ilẹ̀ ní oṣù kẹwàá. Ta wá ni ká dá láre?

Mo tún fẹ́ fi iná igbó kún un. Èéfín iná Siberia lè fò lọ bà lé ìrì dídì àti yìnyín, á sọ ọ́ di dúdú díẹ̀, díẹ̀ yẹn sì tó. Ẹni tí eruku títì bá bà lé làfún rẹ̀ rí mọ̀ pé kò pọ̀ tí àwọ̀ fi ń bàjẹ́.

Bí o bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń wọn nǹkan wọ̀nyí: Fridtjof Nansen, ọmọ Nọ́wè, mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí yìnyín há ọkọ̀ rẹ̀, Fram, mọ́ ní ọdún 1893, ọkọ̀ náà sì bá yìnyín rìn títí di 1896. Àwọn ará Jámánì àti àwọn mìíràn tún un ṣe pẹ̀lú ọkọ̀ Polarstern, láti ọdún 2019 sí 2020, tí àwọn ẹ̀rọ ń wọn ooru tó ń ti inú omi gba inú yìnyín bọ́ sínú afẹ́fẹ́ tọ̀sán-tòru. Mọ́tò tó há, tí onímọ́tò sì ń yọ̀. Mi ò rò pé o máa gba irú iṣẹ́ yẹn.

LẸ́TÀ KẸTA

Mo ra púlọ́ọ̀tì kan sí Lẹ́kkí. Wọ́n ní yìnyín òkun ń yọ́. Ṣé kí n tà á?
— Kútọ̀

ÌDÁHÙN

Ẹ da omi sínú ife, ẹ ju áìsì sí i, ẹ fi bírò fa ìlà sí ibi tí omi dé, kí ẹ jẹ́ kó yọ́. Omi ò ní kúrò lójú ìlà. Yìnyín tó ti ń léfòó lórí òkun tẹ́lẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé òkun ga tó bá yọ́. Ti orí ilẹ̀ lẹ́jọ́: ti Greenland nìkan, erékùṣù ńlá kan ní àríwá ayé, bí gbogbo rẹ̀ bá yọ́ pátá, á gbé òkun àgbáyé ga ní nǹkan bíi mítà 7. Kì í ṣe ohun ọdún kan, kì í sì í ṣe ohun ọgọ́rùn-ún ọdún kan. Àmọ́ òkun tí ìdérí rẹ̀ ti ṣí, tó sì ti kó oòrùn sápò, lè máa jẹ ẹsẹ̀ yìnyín Greenland níbi tó ti kan omi. Ní ti púlọ́ọ̀tì, ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ẹni tó tà á fún yín ló ni ín.

LẸ́TÀ KẸRIN

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Tíṣà. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ní Àsẹ̀rò. Nínú ìwé ìròyìn yìí lóṣù tó kọjá, ẹ ní omi máa ń dì ní òdo dígírì. Ọmọ ọmọ mi ní òun fẹ́ dán an wò bóyá ti òkun náà rí bẹ́ẹ̀. Ó da iyọ̀ sínú ọ̀rá omi kan, ó dè é, ó jù ú sínú fírísà mi. Ilẹ̀ mọ́, ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dì gbagidi, tirẹ̀ ń mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀. Ó ní Tíṣà parọ́.
— Màmá Nọ́ọ̀sì, Àsẹ̀rò

ÌDÁHÙN

Màmá, ẹ bá mi kí ọmọ náà. Kò parọ́ mọ́ mi. Mo kọ "omi" láìsọ pé omi tí kò níyọ̀ ni, àṣìṣe mi ni, ó sì yẹ kí n ti sọ ọ́.

Àmọ́ mo fura sí iyọ̀ tó dà sí i. Ẹ bi í léèrè bóyá kì í ṣe ìdajì páálí. Nínú lítà omi òkun kan, nǹkan bíi gíráàmù 35 iyọ̀ ló máa ń wà. Fírísà ilé máa ń tutù dé bíi 18 dígírì nísàlẹ̀ òdo bí iná bá dúró, omi òkun gidi á sì dì nínú rẹ̀. Omi tó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mu iyọ̀ yó, kò ní dì níbẹ̀. Ó di bíi 21 dígírì nísàlẹ̀ òdo kí ìyẹn tó dì tán pátápátá. Ọmọ yín kò ṣe òkun. Omi tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹja ló ṣe.

Ohun tó dùn nínú ọ̀rọ̀ yìí, tí mo fẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí, ni pé yìnyín kì í fẹ́ gba iyọ̀ sára. Bí omi òkun bá ń dì, ó máa ń ti iyọ̀ jáde. Omi tó kù lábẹ́ rẹ̀ á wá níyọ̀ sí i, á wúwo, á rì lọ sísàlẹ̀, omi mìíràn á gòkè wá rọ́pò rẹ̀. Yìnyín òkun tó ti dàgbà, tó ti lo ìgbà oòrùn kan tàbí méjì, iyọ̀ rẹ̀ ti dín kù débi pé àwọn ará àríwá máa ń yọ́ ọ mu. Ilé iṣẹ́ yìnyín tí mo sọ fún onímọ́tò Láfẹ́ńwá lókè yẹn, ilé iṣẹ́ omi iyọ̀ ni pẹ̀lú.

Kó mú ọ̀rá omi kan, èyí tó jẹ́ sẹ́ńtílítà 50, kó dà á sínú abọ́, kó fi iyọ̀ ṣíbí ìjẹun kan péré sí i, kó rò ó dáadáa. Kó gbé e sínú fírísà láìdé e, kó máa yọjú wò ó ní wákàtí-wákàtí. Bí ìdajì rẹ̀ bá ti dì, kó yọ yìnyín náà, kó fi omi tútù ṣàn án wéré, kó tọ́ ọ wò. Lẹ́yìn náà kó tọ́ omi tó kù nísàlẹ̀ abọ́ wò. Kó kọ èyí tó níyọ̀ jù sílẹ̀, kó sì fi ránṣẹ́ sí mi. Ṣùgbọ́n kó yára o, kí wọ́n tó mú iná lọ.